Kí Ṣénjà Àtijọ́ Tó Lè Kọrin

Ní pálọ̀ àwọn àgbà kan ní Fìdítì àti Ìlọrà, rédíógíráàmù ti di tábìlì tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò, kí ẹ ṣí ìdérí: ṣénjà tó ń yí àwo wà níbẹ̀ tòun ti eruku ọyẹ́, àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá, ti Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú àti ìjálá Ògúndáre Fóyánmu sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n sípíkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ rà. Orin tó jẹ́ pé ohùn àti ọ̀rọ̀ ló gbé e ró, bí àwo ṣe ń yí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ojú ọ̀nà tín-ín-rín kan ṣoṣo ló wà lójú àwo, ó ń yí láti etí wọ àárín. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà rí gbágungbàgun gẹ́gẹ́ bí ohùn olórin ṣe lọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń tọ ọ̀nà yìí, ó ń gbọ̀n. Orí abẹ́rẹ́ ń sọ gbígbọ̀n náà di iná tó kéré jọjọ, anpilifáyà ń mú un tóbi, sípíkà sì ń sọ ọ́ di ohùn padà. Elipíì ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn létí, kí ẹ fi fóònù ka àkókò: ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 100 gééré.

Bí ó bá ń falẹ̀ láìyẹsẹ̀, ohùn gbogbo á wálẹ̀ pọ̀, àlàfo tó wà láàárín ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, tó ń fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá hàn, kò ní yí padà, a ó ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tó burú ni kó sáré díẹ̀, kó tún fà. Ìró kan á bẹ̀rẹ̀ lókè, á yọ̀ wálẹ̀ kó tó parí, ohun tí ìlù àpàlà ń sọ á sì dàrú. Òyìnbó tó ń gbọ́ dùùrù á ní orin òun kò dùn mọ́. Àwa ò tiẹ̀ ní mọ ẹni tí wọ́n ń kì.

Nínú àwọn ṣénjà Garrard tó wọ́pọ̀ láyé ọjọ́un, mọ́tò kì í yí irin tí àwo jókòó lé fúnra rẹ̀. Táyà rọ́bà kékeré kan ló wà láàárín wọn. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, rọ́bà yẹn á gan, ara rẹ̀ á máa dán, á sì máa yọ̀. Ẹ tú u, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńdípépà kíkúnná pa á lára díẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ wọnú níbì kan, òmíràn ni kí ẹ wá. Gíríìsì àtijọ́ tó ti gan mọ́ irin, ẹ nù ún kúrò, kí ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sí i. Òróró ò gbọdọ̀ kan táyà o.

Ẹni tí wọ́n bá gbé tòkunbọ̀ wá fún láti Amẹ́ríkà ní láti ṣọ́ra. Ẹ̀rọ tó ń sọ iná di 110 kò ní jẹ́ kó jó, ṣùgbọ́n mọ́tò àtijọ́ kì í tẹ̀lé fóòtì, hertz ló ń tẹ̀lé. 60 ni tiwọn, 50 ni tiwa, àwo á wá máa yí ní bíi ìgbà 28. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣi iyára rẹ̀ tò náà á da ohùn rú.

Ó kan abẹ́rẹ́. Àwọn kan máa ń gbé kọ́bọ̀ lé e lórí kó má baà fò. Ṣe ni ìyẹn ń gbẹ́ ohùn kúrò lára àwo. Àwọn àwo 78 (ìgbà 78 ni wọ́n ń yí ní ìṣẹ́jú kan), irú èyí tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ìsìn sí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, fẹ́ abẹ́rẹ́ tó nípọn ju ti elipíì, tó dé lọ́dún 1948, lọ. Ìdí nìyí tí orí abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ ṣénjà fi ní ojú méjì tí wọ́n ń yí. Oje kòkòrò wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwo 78, sípírítì sì ń yọ́ ọ, nítorí náà omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún.

Bí orí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, ojú ihò tí wọ́n kọ phono sí lára anpilifáyà ni kí ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ọ̀nà má baà fẹ̀ jù. Ojú ihò phono yìí ni wọ́n ti ń dá a padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọ̀dọ́láyé á máa han bí ẹ̀fọn.

Ewì Láńrewájú Adépọ̀jù dáa fún ìdánwò, torí ohùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àlébù kò ní rí ibi sá sí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi àwo tí ẹ ò fẹ́ràn dán an wò ná, bóyá abẹ́rẹ́ ṣì ń họ nǹkan.