"Ọkọ" Ni àbí "Ọkọ̀"? Bí A Ṣe Lè Tètè Tẹ Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Jáde

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń ṣe ìwádìí lórí ìdí tí tòmátì fi máa ń bàjẹ́ kó tó dé ọjà. Màmá ọlọ́jà kan sọ fún yín pé, "Ọkọ̀ ni ìṣòro mi." Ẹ gbé ohùn náà fún kọ̀ǹpútà kó bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde, ló bá kọ "Oko ni isoro mi." Haa! Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ni àbí ọkọ tó wà nílé? Àbí oko tí tòmátì ti ń wá? Tí ẹ bá lọ fi ọkọ síbi tó yẹ kí ọkọ̀ wà, ìwádìí yín ti dorí kodò nìyẹn.

Kí ló fà á? Inú ohùn tí wọ́n bá fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ti ń kọ́ èdè. Whisper, tí OpenAI gbé jáde ní 2022, gbọ́ ohùn tó tó wákàtí 680,000. Yorùbá wà níbẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù. Àwa fúnra wa náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kì í ní àmì ohùn.

Ká fọwọ́ tẹ gbogbo ẹ̀ náà, kò rọrùn o. Ohùn wákàtí 1 lè gba wákàtí 4 sí 6. Èèyàn 10 ńkọ́? Ẹ ṣírò ẹ̀ jàre. Àmọ́ ọ̀nà wà tá a lè gbà dín in kù.

Àkọ́kọ́, ibi tí ẹ ti ń gba ohùn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sún fóònù mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti mítà 1 sí ìdajì mítà, agbára ohùn rẹ̀ tó ń dé fóònù máa tó ìlọ́po 4. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ìkejì, ẹ gbọ́ ọ látòkè délẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ pàtàkì wà sílẹ̀. Tí ọ̀nà ìwádìí yín bá gbà á, ibẹ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀ tán pátá.

Ìkẹta, ẹ lo oTranscribe. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú kan náà ni ohùn àti ìwé wà, ẹ lè dín eré ohùn kù, bọ́tìnnì Esc lẹ máa fi dá a dúró. Orí laptop yín ni ohùn náà máa wà. Èyí ṣe pàtàkì, torí kò yẹ ká gbé ohùn ẹni tó fọkàn tán wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ kọ́ AutoCorrect inú Word ní ọ̀rọ̀ tó máa ń jẹ yọ. Ẹ tẹ "m1", kó kọ "Màmá ọlọ́jà 1:" fúnra ẹ̀.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ lo ẹ̀rọ, ó dáa, àmọ́ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lásán ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ẹ fi earpiece sétí, kí ẹ fi àmì ohùn sí i bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, kì í ṣe láti orí. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ ò gbọ́dọ̀ kánjú. Ọkọ̀ ni màmá yẹn pè, kì í ṣe baálé rẹ̀.