Ṣé Ènìyàn Lè Dá Là?



Ní tàámù tó kọjá, wọ́n ní kí kíláàsì wa sọ ohun tí a fẹ́ dà lọ́la. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní òwò lòun máa ṣe, òun ò sì ní gbára lé ẹnikẹ́ni: "Èmi nìkan ni màá dá là." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ gan-an ni. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún màmá mi tó ń ta èlùbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bi í pé ta ló máa wá rajà lọ́wọ́ ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n wádìí bí òwò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú owó ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í rí owó báńkì yá, nítorí báńkì máa ń béèrè ohun ìdógò tí wọn ò ní. Èsúsú ni wọ́n ń dá. Ká ní ènìyàn 10 ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á kó ₦50,000. Ẹ wò ó dáadáa o: ẹni tó kọ́kọ́ kó o, ₦5,000 péré ni tiẹ̀ níbẹ̀. ₦45,000 tó kù, owó àwọn yòókù ni, kò sì san èlé kankan. Ẹni tó bá kó kẹ́yìn kò jèrè kọ́bọ̀. Owó ara rẹ̀ ló gbà padà. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń kó kẹ́yìn ló ń yá àwọn tó kọ́kọ́ kó lówó. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá wá fi owó yẹn ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ní òun nìkan lòun dá a rà, ṣé òótọ́ ló sọ?

Ètò yìí ti pẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Kódà ní Trinidad lókè òkun, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ títí dòní, susu ni wọ́n sì ń pè é.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà ńkọ́? Ọ̀gá télọ̀ á fi ọdún kọ́ ọmọ iṣẹ́. Aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ bá bà jẹ́, ọ̀gá ni oníbàárà máa dì mú. Lọ́jọ́ fúrídọ́ọ̀mù, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ á pé jọ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á náwó fún un. Lẹ́yìn èyí ló tó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀.

N ò sọ pé ká má ṣiṣẹ́ o. Ènìyàn méjì lè kó ₦50,000 kan náà. Ọ̀kan á fi ra ọjà, èkejì á fi ra aṣọ àríyá. Ọwọ́ oníkálukú nìyẹn wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "mo dá là" léwu. Ẹni tó bá gbà pé òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, òun ló máa ń kó èsúsú tán tí kò ní dá a mọ́. Bí irú wọn bá ti pọ̀, èsúsú tú ká nìyẹn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò sì ní rí nǹkan kó.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Nígbà tí wọ́n ní ká san owó WAEC, nọ́ńbà 8 ni màmá mi nínú èsúsú wọn. Kí ó tó kàn wọ́n, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ á ti kọjá. Ìyá kan tó ń ta ata ló ni nọ́ńbà 2. Wọ́n ní, "Ẹ kó tèmi, màá kó tiyín." Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú ìsọ̀ wọn kọjá tí mò ń sọ pé "Ẹ káàárọ̀ mà," n ò mọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Bí mo bá yege lọ́la tí mo ní mo dá a ṣe, irọ́ ni mo pa.

Mo lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ ní Sátidé. Wọ́n ní, "Ata lo wá rà ni àbí kí ló dé?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n sì wá máa bá wọn wo ìṣirò ọmọ wọn tó wà ní JSS1. A ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni nọ́ńbà 2 tiyín?