Ẹ ṣàlàyé IVF lédè tó yé wa, kẹ́ ẹ tó gbowó wa

Láàárọ̀ Sátidé, kò síbi téèyàn máa dúró sí l'Ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́, tí omi ẹja ò ní ta sí i lára. Àwọn ará Èkó á ti gba ọ̀nà Lẹ́kkí dé pẹ̀lú kúlà wọn. Ẹnì kan ń ná ẹja àrọ̀, ẹlòmíì ń wá ọ̀bọ̀kún, òmíì ò tiẹ̀ bá tẹja wá, òyà ló ń wá kiri. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe gbogbo àwọn tó yí obìnrin tí mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀ ká: Ìyá Bọ́lá, Ìyá Ìbejì, Ìyá Sùkúrá. Òun nìkan ni wọ́n ń pè ní Àǹtí. Ẹni ọdún 42 ni.

Bó ṣe ń fọ ẹja mi lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá, ó bi mí pé: "Lọ́yà, ṣé èèyàn lè gbowó padà lọ́wọ́ ọsibítù tó bá ṣe IVF fún un tí oyún ò dúró?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ oníbàárà ẹ̀ kan ni. Ó ní rárá o, ọ̀rọ̀ tòun ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é. Àjọ ọdún mẹ́ta ló kó fi ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tó máa fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ta fírísà ẹ̀ méjèèjì àti ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó fa báàgì ọ̀rá kan yọ lábẹ́ tábìlì. Gbogbo ìwé tí wọ́n fún un ló wà níbẹ̀, òyìnbó pọ́ńbélé, ó sì ti fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ní kí n sáìn, mo sáìn. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ohun kan ló mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé àṣeyọrí ọsibítù náà tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun gbọ́ ọ pé nínú obìnrin mẹ́wàá, méje máa gbọ́mọ lọ sílé. Ta ni kò ní ta ilẹ̀ sí i?

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà, ṣùgbọ́n mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé. Ọmọbìnrin tó gbé e sọ̀rọ̀ dáadáa, kò parọ́ fún mi. Ìdá 70 yẹn, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé oyún ti wà nínú wọn ni, kì í ṣe iye àwọn tó bímọ. Gbogbo ọjọ́ orí ni wọ́n sì pa pọ̀, títí kan àwọn tó lo ẹyin ọ̀dọ́bìnrin mìíràn. Ẹlẹ́ja wa ti pé 40 nígbà tó lọ síbẹ̀, ẹyin tiẹ̀ ló sì lò.

Ohun tó sì ṣe kókó jù nínú IVF nìyẹn. Wọ́n bí obìnrin pẹ̀lú gbogbo ẹyin tó máa lò láyé ni. Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń dín kù, àwọn tó ṣẹ́ kù náà ò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ HFEA, láti ọdún 1991 ló ti ń ṣọ́ àwọn ilé ìwòsàn IVF, tó sì ń gbé iye ọmọ tí wọ́n bí síta fún aráyé. Nínú àkọsílẹ̀ wọn, tí obìnrin ò bá tíì pé 35, bí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ mẹ́ta sínú ilé ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹyọ kan ló ń di ọmọ. Láàárín ọdún 40 sí 42, ó di bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Tó bá ti kọjá 43 pẹ̀lú ẹyin ara ẹni, kò tó ẹyọ kan nínú ogún. Àwọn dókítà ibẹ̀ ò gọ̀ o, irinṣẹ́ sì kún ọwọ́ wọn.

Kí ẹlẹ́ja wa mọ̀ pé ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ni, bóyá ì bá ṣì ṣe é. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ì bá má ta fírísà méjèèjì.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ayédèrú. Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tí wọ́n bí ní Oldham lóṣù Keje ọdún 1978, túùbù ìyá ẹ̀ ló dí. Obìnrin 282 ni Edwards, Steptoe àti Jean Purdy gbìyànjú lé lórí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ọmọ méjì péré ló jáde láyé. Nílé wa níbí, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ló ṣáájú iṣẹ́ náà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, láwọn ọdún 1980 sí 1989. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti tibẹ̀ wá, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ mi ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohun tí kì í sábà dúró lẹ́ẹ̀kan ni, ó sì yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sanwó.

Mo tún tú báàgì náà. Mo rí ìwé X-ray kan tí ọjọ́ orí ẹ̀ ju ti IVF àkọ́kọ́ lọ, ó ní omi wà nínú túùbù apá òsì ẹ̀. Mo fi fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà. Ó ní irú omi yẹn máa ń ṣàn padà sínú ilé ọmọ, ó sì máa ń dín àǹfààní IVF kù gan-an. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni kí wọ́n yọ túùbù náà tàbí kí wọ́n dè é kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Àkóràn tí wọn ò tọ́jú dáadáa, bóyá lẹ́yìn ìbímọ tàbí oyún tó bàjẹ́, ló sábà ń fa irú ẹ̀, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọkọ ńkọ́? Lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ já sí pàbó ni bàbá tó gbà láti ṣàyẹ̀wò àtọ̀. Ó sì wá hàn pé àtọ̀ ò pọ̀. Àyẹ̀wò tí kì í gba wákàtí kan, tí owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó IVF! Nínú tọkọtaya tó ń wá ọmọ, bí ìdajì ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin máa ń wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ti ìyàwó. Ó sì ní ọ̀nà àbáyọ: láti 1992 ni àwọn dókítà kan ní Brussels ti fi hàn pé èèyàn lè fi abẹ́rẹ́ gbé ẹyọ àtọ̀ kan ṣoṣo sínú ẹyin. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó nílò ẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Wọ́n ní kí ẹlẹ́ja wa sùn sílé fọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọlẹ̀ wọlé. Ó ṣe é nígbà àkọ́kọ́, àwọn oníbàárà ẹ̀ sì lọ bá ẹlòmíì. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ karùn-ún ló padà sọ́jà, torí ebi. Nígbà tí nǹkan oṣù dé, ìyá ọkọ ẹ̀ ní agbada ẹja tó ń gbé ló gbọn ọmọ dànù. Irọ́ ni! Ìwádìí ò fi hàn pé ìdùbúlẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, ọlẹ̀ kì í sì jábọ́ torí pé obìnrin dìde rìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò dúró, láti inú ọlẹ̀ náà fúnra ẹ̀ ni àbùkù ti wà. Ó tó ọdún kan tí obìnrin yìí ti gbé ẹ̀bi yẹn kiri ọjà. Nígbà tí mo sọ fún un, kò dáhùn. Ó kàn ń bu omi sórí ẹja tí mo ti sanwó ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ tòfin, torí òun ni mo kọ́. National Health Act wà, Ààrẹ Jonathan ló buwọ́ lù ú lọ́dún 2014. Abala 23 ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ ipò ara ẹ̀ fún un, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye tó máa ná an. Ó tún ní kí wọ́n sọ ọ́ lédè tó yé e, bó bá ṣe ṣeé ṣe, kí wọ́n sì wo bí ìwé tó kà ṣe mọ. L'Ẹ̀pẹ́, Yorùbá lèdè yẹn. Ojú ewé òyìnbó tí wọ́n ní kó sáìn ò lè dípò ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, náà ò fàyè gba kéèyàn fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà polówó ọjà.

Ṣé ó lè gbowó ẹ̀ padà? Mo sọ òótọ́ fún un: ó máa le. Dókítà ò ṣe onídùúró ọmọ fún ẹnikẹ́ni, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, kò jẹbi pé oyún ò dúró. Ibi tí ẹjọ́ wà ni ìdá 70 yẹn àti omi túùbù tí wọn ò sọ. Èmi ò rò pé ilé ẹjọ́ nìkan ló yẹ kó máa yanjú irú ẹ̀. HEFAMAA wà l'Èkó, òun ló ń forúkọ àwọn ilé ìwòsàn sílẹ̀ tó sì ń ṣọ́ wọn. Kí ló ṣòro nínú kí wọ́n pàṣẹ pé ọsibítù tó bá fẹ́ gbé iye síta, iye ọmọ tó bí ni kó gbé síta, kó sì pín in sí ọjọ́ orí?

Kò béèrè owó mọ́ nígbà tí mo fẹ́ lọ. Ohun tó wá bi mí ni pé ṣé kóun ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní èmi kì í ṣe dókítà. A yí rìsíìtì kan sẹ́yìn, a sì jọ kọ ìbéèrè síbẹ̀ ní Yorùbá: nínú àwọn tó jẹ́ ẹni ọdún 42 tó lo ẹyin ara wọn níbí, mélòó ló bímọ lọ́dún tó kọjá? Kí lẹ máa ṣe sí omi túùbù mi? Àtọ̀ ọkọ mi ńkọ́? Èló ni gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú oògùn? Tí mo bá ní mi ò ṣe é mọ́, kí ló kù tí mo lè ṣe? Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì kì í bọ inú ọ̀já ìdí ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló ní òun máa lọ. Ọkọ ẹ̀ máa bá a lọ lọ́tẹ̀ yìí.