Robert Bolt àti Ìwé tí Ó Fọwọ́ Sí

Ní 1924 ni a bí Robert Bolt ní Sale, lẹ́bàá ìlú Manchester, níbi tí bàbá rẹ̀ gbé ń ta àga àti tábìlì. Ó ṣe ológun díẹ̀, ó ka ìwé ní Yunifásítì Manchester, ó sì di olùkọ́. Iṣẹ́ ìkọ́ni náà ni ó ń ṣe títí Flowering Cherry, eré rẹ̀ tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, fi sọ ọ́ di olókìkí.

Ní 1960 ni A Man for All Seasons dé orí ìtàgé. Thomas More, olóyè àgbà lábẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, ni eré náà dá lé. Ọba ti kọ ayaba rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fẹ́ òmíràn, ó sì pàṣẹ kí àwọn ènìyàn búra sí òfin tí ó fi ìgbéyàwó tuntun náà múlẹ̀. More kò bú ọba, kò dìtẹ̀, kò tilẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Ó ṣáà kọ̀, kò búra. Ní 1535 ni a bẹ́ ẹ lórí. Bolt kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà bíi More, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí ó bá búra èké ti sọ ara rẹ̀ nù. Ẹni tí ó bá ti rí i kí a ní kí ènìyàn fi ẹnu kan irin yóò mọ ohun tí ó ń wí. Mẹ̀kúnnù kan sì wà nínú eré náà tí kò kọ iṣẹ́ kankan: ó ṣe ìránṣẹ́ More, ó ṣe atukọ̀, ó ṣe wọ́dà, òun náà ni ó sì bẹ́ orí ọ̀gá rẹ̀ níkẹyìn. Òun ni ó là á já.

Ní 1961 ni ọ̀ràn náà kan Bolt fúnra rẹ̀. Òun àti Bertrand Russell, arúgbó ẹni ọdún 89, wà lára àwọn tí ń tako bọ́ǹbù átọ́míìkì. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn kò ní da ìlú rú. Wọ́n kọ̀, a sì sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Oṣù kan ni ti Bolt. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ fíìmù Lawrence of Arabia lọ́wọ́. Sam Spiegel, tí ó ni iṣẹ́ náà, rọ̀ ọ́ títí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀. Bolt fọwọ́ sí ìwé, ó jáde.

Ó rọrùn láti fi í ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹlòmíràn wúwo lọ́rùn ènìyàn. Bolt kò fi èyí gba ara rẹ̀ sílẹ̀: ó kábàámọ̀, bí iṣẹ́ fíìmù náà sì ti parí, kò bá Spiegel sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó gba ẹ̀bùn Oscar fún Doctor Zhivago ti 1965, ó tún gba òmíràn nígbà tí ó sọ eré More di fíìmù ní 1966. Nínú fíìmù náà, ó yọ mẹ̀kúnnù tí ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn kúrò pátápátá. Ní 1979 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú tí ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó tún kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Fíìmù rẹ̀, The Mission, jáde ní 1986, ó sì kú ní 1995.