Bí Kútọnu ṣe di èbúté, àti ilẹ̀ tí òkun ń gbà níbẹ̀

Ìrẹsì, adìyẹ inú yìnyín, mọ́tò tòkunbọ̀: ọ̀pọ̀ nínú ẹrù tí àwọn oníṣòwò Ko-Koumolou ń bá pàdé ní Igolo, èbúté Kútọnu ló gbà wọlé. Síbẹ̀, etíkun náà kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè sinmi sí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Iyanrìn ló tẹ́ lọ gbọọrọ, kò sí kọ̀rọ̀ kankan tí ọkọ̀ lè sá sí, ìgbì kì í sì í sinmi.

Láyé àtijọ́, ọ̀ọ́kán lójú òkun ni ọkọ̀ Òyìnbó máa ń dúró. Àwọn atukọ̀ tó mọ ìgbì ló ń fi ọkọ̀ kékeré kó èèyàn àti ẹrù wá sórí ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹrù lọ nìyẹn, nígbà mìíràn ẹ̀mí bá a lọ. Àjàṣẹ́ ló lórúkọ nínú òwò nígbà yẹn. Àwọn Pọtogí pè é ní Porto-Novo, ìyẹn “èbúté tuntun”, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà ló wà létí rẹ̀, kì í ṣe òkun. Ọ̀sà yẹn ló so ó mọ́ Àgbádárìgì àti Èkó. Wọ́n kó ẹrú gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan epo pupa àti èkùrọ́.

Ní 1891, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ afárá irin kan tó wọ inú òkun lọ ní Kútọnu, kí wọ́n lè máa já ẹrù níwájú ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Èbúté tòní ṣí ní 1965. Òkúta ńláńlá ni wọ́n kó sínú omi láti fi ṣe odi fún un.

Odi yìí ló fa wàhálà mìíràn. Lójoojúmọ́ ni ìgbì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí odi dá a dúró, iyanrìn ń pọ̀ sí i lápá kan, apá kejì, lọ́nà Akpakpa, kò rí gbà mọ́. Òkun ti jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ilẹ̀ níbẹ̀, tilétilé. Ìjọba to òkúta wọ inú omi láti dáàbò bo ilẹ̀ tó kù. Ibi tí òkúta parí sí ni òkun tún mú jẹ.

Ẹni tó ń gbé Ko-Koumolou lè ní òkun jìnnà sí òun. Ká bi àwọn tó ń tajà ní 2019. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọkọ̀ ṣì lè gúnlẹ̀ sí Kútọnu, àmọ́ ẹrù kò rí ojú ọ̀nà gbà kọjá mọ́. Ní oṣù kejìlá 2020, wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ìdí-Ìrókò, tó kọjú sí Igolo, di oṣù kẹrin 2022.