ORLANDO MARTINS: ỌMỌ ÈKÓ TÓ TI ORÍ GÍDÍGBÒ BỌ́ SÍNÚ FÍÌMÙ

Bí ẹ bá wo fíìmù ìjà tí wọ́n ń ṣe ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, tàbí èyí tí wọ́n ń ṣe nílé wa níbí, ẹ ó rí àwọn géńdé tó ń fò sókè, tó ń fò sódò. Àwọn kan rò pé àṣà tuntun ni kí ẹni tí ń fi agbára jẹun di òṣèré. Kì í ṣe tuntun rárá. Ọmọ Èkó kan ti rin ọ̀nà yìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Orlando Martins.

Ọdún 1899 ni wọ́n bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló bá iṣẹ́ ọkọ̀ òkun dé Ìlú Òyìnbó, ó sì fi London ṣe ibùgbé lẹ́yìn ogun. Ta ni yóò fún ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú níṣẹ́ gidi nígbà náà? Ara tí Ọlọ́run fún un ló fi wá oúnjẹ. Ó ń ja gídígbò gbowó, wọ́n sì ń pè é ní Black Butcher Johnson, ìyẹn Johnson, Alápatà Dúdú. Ó tún ń fi ejò dárà níbi eré sákọ́ọ̀sì.

Ara yìí kan náà ni àwọn onífíìmù rí. Nínú àwọn fíìmù tí kò ní ohùn, àárín èrò ló máa ń dúró sí, láìsí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1935, ó bá Paul Robeson ṣe Sanders of the River. Robeson náà ti gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà gbowó rí. Ìjọba Òyìnbó lórí aláwọ̀ dúdú ni fíìmù náà ń yìn, Robeson sì kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá.

Ní 1946, Martins ṣe Magole, oníṣègùn tí gbogbo abúlé ń bẹ̀rù, nínú Men of Two Worlds. Robert Adams, ọmọ Guyana, ni olórí òṣèré ibẹ̀. Oníjà gídígbò lòun náà tẹ́lẹ̀. Ní 1949, Martins ṣe Blossom nínú The Hasty Heart. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, ojú àti ìṣesí ló fi ń sọ̀rọ̀. Ronald Reagan, tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà nínú fíìmù yẹn.

Martins padà sílé ní 1959, ó sì kú ní 1985. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ara wewu nítorí fíìmù, ẹ kọ́ iṣẹ́ òṣèré mọ́ ọn, nítorí ara ń gbó. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Martins nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù Kongi's Harvest, eré Wọlé Ṣóyínká, ní 1970. Wọn kò pè é wá jà gídígbò níbẹ̀.