Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta òdòdó l'Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ má fi ewé gbin ọ̀já ìkookò aláwọ̀ méjì

Ẹni tó bá ń ta òdòdó lẹ́bàá títì yóò ti mọ ewé kan tó gùn gbọọrọ bí idà, tó dúró ṣánṣán, tí ilà yẹ́lò sì wà létí rẹ̀ lápá méjèèjì. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní snake plant. Ẹbí ọ̀já ìkookò táwọn bàbá wa mọ̀ nínú igbó ni, ilẹ̀ Nàìjíríà títí dé Kóńgò sì ni ilé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà nínú ìkòkò káàkiri àgbáyé báyìí. Hosta, òdòdó eléwé aláwọ̀ méjì tí wọ́n fẹ́ràn gan-an nílùú òyìnbó, kò lè ṣe dáadáa l'Àkúrẹ́, nítorí ó gbọ́dọ̀ fi oṣù bíi mélòó kan sùn nínú òtútù kó tó hù padà. Tiwa kò nílò òtútù kankan.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń pàdánù lórí rẹ̀ láìmọ̀. Bẹ́ ẹ bá gé ewé kan sí wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ sì kì wọ́n bọ yanrìn, wọn yóò ta gbòǹgbò. Èèyàn á rò pé òun ti rí èrè, ewé kan di òdòdó mẹ́fà! Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, tí ọmọ bá yọ, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé nìkan, kò ní sí yẹ́lò. Ìdí ni pé oríṣi ẹran ara méjì ló jọ ń gbé nínú ewé yẹn: ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, èkejì kò ní in. Inú èyí tó ní àwọ̀ ewé ni ọmọ tuntun ti ń yọ. Oníbàárà tó ti sanwó ogún òdòdó aláwọ̀ méjì fún òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Alágbàká kò ní gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu yín.

Bí ẹní ń pín ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ hú u, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ óò rí i pé ohun kan bí atalẹ̀ ló so ìyá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú, tó sì mọ́, gé e, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ibi tẹ́ ẹ gé gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbìn ín sínú ilẹ̀ tẹ́ ẹ po mọ́ yanrìn. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ kòkó l'Oǹdó dára fún un dáadáa. Bí ọmọ aláwọ̀ ewé kan bá yọ láàárín wọn, ẹ tètè yọ ọ́, nítorí ó máa ń yára dàgbà ju àwọn aláwọ̀ méjì lọ.

Omi ló ń pa á jù. Nígbà òjò, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, kí ìdí rẹ̀ má baà rà. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kẹ́ ẹ tó bomi rin ín.

Ìkòkò kan kì í bímọ púpọ̀ lọ́dún, nítorí náà ẹ má ta gbogbo ìyá tán. Oṣù tẹ́ ẹ fi tọ́jú rẹ̀ àti owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó gbọ́dọ̀ wà nínú iye tẹ́ ẹ bá pè é.

Àwọn kan ń sọ fún oníbàárà pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́. Ìwádìí tí NASA ṣe lọ́dún 1989 ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti dán an wò. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ l'Amẹ́ríkà yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n ní ohun tó lè ṣe nínú ilé gidi kò tó nǹkan. Ẹwà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tà. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá ní ọmọdé tàbí ewúrẹ́ nílé pé kò dára fún jíjẹ.

Tẹ́ ẹ bá ti fi ewé gbin díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ tò wọ́n sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n ní aláwọ̀ ewé ní iye tó dínkù. Àwọn oníbàárà tí ìyẹn wù wà.